Omi Tó Ń Bó Ọ̀dà

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Èkó sí Benin mọ Ore. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti ìlú Oǹdó wá ti já sí títì ńlá, tó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Òkìtìpupa. Òun náà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo. Awakọ̀ tó fẹ́ jẹun ń yà níbẹ̀, èyí tí táyà rẹ̀ fọ́ ń yà níbẹ̀, èyí tí tírélà ha lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kò mọ ibòmíràn tí ì bá yà sí. Panẹ́ẹ̀lì-bítà ni yóò kọ́kọ́ lu ara ọkọ̀ náà tọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sọ́wọ́ sípíréyà, ẹni tí kò lè kun ọ̀dà tuntun lé ọ̀dà tó ti ń ṣí. Ó gbọ́dọ̀ bó ti àtijọ́ kúrò ná. Sáńpépà àti omi lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ á fi ọjọ́ kan gbáko ha á títí apá á fi máa ro ó. Agolo paint remover ni ọ̀nà kejì, òun kì í fi àkókò ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ agolo náà wò. Ohun inú rẹ̀ ki díẹ̀, ó ń dán, òórùn rẹ̀ sì dùn fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá tí ọ̀dà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí á rún jọ, tí á sì gbé ara rẹ̀ kúrò lára irin. Ọmọ iṣẹ́ á wá lóṣòó tì í, á fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha á dà sílẹ̀. Bí díẹ̀ bá ta sí i lọ́rùn ọwọ́, á kọ́kọ́ tutù rinrin nítorí pé kíá ló ń gbẹ dà sínú afẹ́fẹ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti ń ta á, awọ ibẹ̀ á sì pọ́n. Á nù ún mọ́ ṣòkòtò, á máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ọ̀pọ̀ agolo bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé láti ọjọ́ pípẹ́ ni dichloromethane. Àwọn oníṣòwò kẹ́míkà mọ̀ ọ́n sí methylene chloride. Nǹkan kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ sípíréyà nìkan ló wà. Àwọn tó ń ṣe fóòmù ní Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa: bí wọ́n bá da àwọn kẹ́míkà fóòmù pọ̀, àpòpọ̀ náà á gbóná, ooru yẹn á mú kí methylene chloride hó, oru rẹ̀ á sì fẹ́ fóòmù náà kó lè wú, kó sì rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sùn lórí ohun tí ó bá wọn ṣe lálaalẹ́. Wọ́n ti fi yọ káféènì kúrò nínú kọfí rí, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ń lò ó, àwọn yàrá ìwádìí ní yunifásítì ń lò ó. Kẹ́míkà tó wúlò ni. N kò ní bá ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ ọn.

Káábọ́ọ̀nù kan, háídírójìn méjì àti kílóríìnì méjì péré ló wà nínú ẹyọ rẹ̀ kan. Kílóríìnì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Òun náà la máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà tí a bá ṣí Hypo láti fi fọ aṣọ funfun. Nínú iyọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti so ó mọ́ káábọ́ọ̀nù, ìwà rẹ̀ á yí padà. Àwọn kẹ́míkà tó bá ti ara àsopọ̀ yìí jáde kì í fẹ́ràn omi, ọ̀rá àti epo ni wọ́n ń wá kiri. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà, gírísì àti góòmù. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé bí wọ́n bá wọ ara ènìyàn, ibi tí ọ̀rá bá wà ni wọ́n ń lọ, ọpọlọ sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ọ̀rá pọ̀ sí jù lọ lára wa.

Henri Victor Regnault, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ya dichloromethane sọ́tọ̀ ní 1839. Ìdílé rẹ̀ pọ̀. Chloroform wà níbẹ̀, èyí tí dókítà James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí í fi kun àwọn aláboyún lóorun ní Edinburgh ní 1847. Carbon tetrachloride wà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi fọ aṣọ tí wọ́n sì ń fi pa iná kí wọ́n tó rí i pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Trichloroethylene ń fọ gírísì kúrò lára irin, perchloroethylene sì ni ti àwọn alágbàfọ̀ tí ń fọ kóòtù láìlo omi. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé láyé ìjọ́un ti fa díẹ̀ símú pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀kan lára wọn ló máa ń mú kí Tipp-Ex gbẹ kíákíá lórí ìwé.

Àgbẹ̀ kòkó tó ti dàgbà ní agbègbè Odigbo mọ ọ̀kan tó le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Gamalín 20 ni. Kì í ṣe pé ó ń yọ́ nǹkan, kòkòrò ló ń pa, ṣùgbọ́n inú ìdílé kílóríìnì àti káábọ́ọ̀nù ló ti wá: lindane ló wà nínú rẹ̀, ẹyọ lindane kan sì ní kílóríìnì mẹ́fà. Wọ́n ń fọ́n ọn sí kòkó, àwọn ọ̀dájú kan sì ń dà á sódò láti fi pa ẹja, èyí tí wọ́n á kó lọ tà fún ọmọ ènìyàn. Ní 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm kọ orúkọ lindane mọ́ àwọn kẹ́míkà tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, IARC, sọ ọ́ ní gbangba pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ dichloromethane. Ohun mẹ́ta nípa rẹ̀ ló yẹ kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀ kó tó fọwọ́ kan agolo.

Àkọ́kọ́, 39.6°C ló ti ń hó. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ti tó 37°C. Agolo tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn ọ̀sán lórí irin ọkọ̀ lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì ṣí i lójijì lè rí i kó tú sí òun lójú. Èkejì, oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Kì í gòkè lọ bá àjà bí èéfín igi, ilẹ̀ ló ń wọ́ lé. Ibi tó bá jìn ló ń kún. Kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ láti ṣe abẹ́ ọkọ̀, abẹ́ tábìlì, inú táǹkì, igun ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ iṣẹ́ lóṣòó sí: ibẹ̀ ló máa ń pọ̀ sí. Ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lè máà mọ nǹkan kan lára, kí ọmọ tó wà nílẹ̀ ti máa mu ún yó. Ẹ̀kẹta, kì í tètè gbiná. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀ ju pẹtiróòlù lọ, nítorí gbogbo wa la ti rí ohun tí pẹtiróòlù ń ṣe. Lójú mi, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Ohun tí kò bá jó wa, a kì í bẹ̀rù rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe mú un sún mọ́ iná. Bí oru rẹ̀ bá dé ibi tí wẹ́dà ti ń jó irin, tàbí tí ẹnì kan ń mu sìgá, ó lè yí padà sí ásíìdì àti sí afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ phosgene. Phosgene yìí ni wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹni tó bá fà á símú lè rò pé ikọ́ lásán ni, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó kún fún omi ní wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀, wẹ́dà àti sípíréyà kì í jìnnà síra wọn nínú ọgbà mẹkáníìkì.

Báwo ló ṣe ń pa ènìyàn? Ọ̀nà méjì ni, wọ́n sì lè pàdé lára ẹnì kan náà.

Ọ̀nà kìíní ni ti ọpọlọ. Bí chloroform ṣe ń kunni lóorun ni dichloromethane náà ń ṣe. Orí á kọ́kọ́ fúyẹ́, lẹ́yìn náà á máa fọ́, èébì á máa gbé ẹni náà, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì nínú ṣọ́ọ̀bù:

“Ọ̀gá, orí ń fọ́ mi, òòyì sì ń kọ́ mi.”

“Ìwọ ọmọ yìí, o ti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé o jẹun láàárọ̀? Lọ mu omi tútù, kí o padà wá parí ilẹ̀kùn yẹn.”

Ọ̀gá kò kórìíra ọmọ náà. Ebi ló rò pé ó jẹ́, tàbí ọ̀lẹ, tàbí ibà. Ọmọ náà á jáde, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, ara rẹ̀ á fúyẹ́, ọ̀gá á sì gbà pé òótọ́ ni òun sọ. Kò ní wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni pé jíjáde tó jáde ló wò ó, kì í ṣe omi tútù. Bí oru náà bá pọ̀ tó nínú yàrá tí wọ́n tì, kò ní sí àyè ọ̀rọ̀ sísọ rárá: ọpọlọ á gbàgbé láti sọ fún àyà pé kó mí, ẹni náà á sì kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ti mu paraga kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti fún un ní ìrànlọ́wọ́, nítorí pé ọtí náà ń kun ọpọlọ lóorun.

Ọ̀nà kejì ya àwọn onímọ̀ fúnra wọn lẹ́nu. Ní 1972, Richard Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n rí carbon monoxide nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fa oru dichloromethane, bẹ́ẹ̀ kò sí iná, kò sí èéfín, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀. Ibo ni carbon monoxide ti wá? Ẹ̀dọ̀ ló ṣe é. Ẹ̀dọ̀ gba dichloromethane láti tú u palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó sì yọ jáde ni afẹ́fẹ́ olóró kan náà tí jẹnẹrétọ̀ ń tú síta.

A mọ jẹnẹrétọ̀. A ti gbọ́ ìròyìn àwọn ẹbí tó gbé e sí kọ̀rọ̀dọ̀, tí wọ́n sùn, tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn kò jí. Carbon monoxide ló pa wọ́n: ó ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì mọ́ ọn lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 200, ẹ̀jẹ̀ á sì máa yí kiri ara láìgbé ọ́síjìn tó pọ̀ tó. Ẹni tó ń fa oru dichloromethane ti gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ara rẹ̀. Ti ara yìí sì burú ju ti kọ̀rọ̀dọ̀ lọ lọ́nà kan. Bí a bá gbé ẹni tí èéfín mú síta, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé carbon monoxide jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti fa dichloromethane ti kó o pa mọ́ sínú ọ̀rá. Bó tilẹ̀ ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tó ti wẹ̀, tó ti jẹun alẹ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ṣì máa ṣe carbon monoxide tuntun fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tẹ́lẹ̀ ni èyí kọ́kọ́ ń mú. Aláboyún náà wà nínú ewu, nítorí pé carbon monoxide ń gba olóbì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ inú.

Ní 1976, Stewart àti ẹnì kejì rẹ̀, Hake, kọ ìtàn bàbá ẹni ọdún 66 kan sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, ó ń fi paint remover bó ọ̀dà ara àga nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n rí i pé àrùn ọkàn òjijì ló kọlù ú. Ara rẹ̀ yá, ó padà sídìí àga rẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún padà lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà yìí kò là á já. Kò sẹ́ni tó bá a so iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àìsàn rẹ̀ nígbà tó ṣì lè gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ikú ń lọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láìpariwo. Láàárín 2000 sí 2011, àwọn oníṣẹ́ 13 tó ń bó ọ̀dà inú ọpọ́n ìwẹ̀ kí wọ́n tún un kùn ló kú nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ ronú sí i: oru tó wúwo kún inú ọpọ́n, oníṣẹ́ sì tẹ orí sínú ọpọ́n náà, nínú balùwẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ọpọ́n yẹn kò yàtọ̀ sí kòtò mẹkáníìkì wa. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 ka ikú 85 láàárín 1980 sí 2018 ní orílẹ̀-èdè náà, oníṣẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ilẹ̀ Yúróòpù ti lé paint remover onídichloromethane kúrò lọ́jà láàárín 2010 sí 2012. Amẹ́ríkà dá títà rẹ̀ fún ará ilé dúró ní 2019; ní 2024, wọ́n fi òfin de èyí tó pọ̀ jù nínú ìlò rẹ̀.

Ti jẹjẹrẹ kò hàn kíákíá bí ti ikú òjijì, nítorí náà àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ́. IARC fi dichloromethane sí ìsọ̀rí 2A, tó túmọ̀ sí pé ó jọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Trichloroethylene wà ní ìsọ̀rí 1, ìyẹn ni pé kò sí iyèméjì mọ́. Ní Osaka, ní ilẹ̀ Japan, ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan hàn sí gbangba ní 2012. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro ló sì mú wọn, irú èyí tí kì í sábà mú ọ̀dọ́. Kẹ́míkà oníkílóríìnì ni wọ́n fi ń nu yíǹkì kúrò lára ẹ̀rọ, dichloromethane sì wà lára wọn pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, 1,2-dichloropropane, tí àwọn onímọ̀ di ẹ̀bi rù jù lọ. Inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti rí àyè wọlé dáadáa ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ohun tí ilẹ̀ ẹlòmíràn bá lé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti wá wa wá rí. Láàárín 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. PCB wà lára ohun tó wà nínú wọn, òun náà jẹ́ ọmọ ìdílé kílóríìnì yìí. Ọkùnrin kan ló yá wọn láyè nínú ọgbà rẹ̀, 100 dọ́là lóṣù. Àwọn ará ìlú kan tú ohun inú dúrọ́ọ̀mù dànù kí wọ́n lè rí dúrọ́ọ̀mù lò. Nígbà tí ìròyìn tú ní 1988, ìjọba fi ìbínú ṣe òfin: Decree 42 ti ọdún náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá láti kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọlé, Decree 58 sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká. Wọ́n kó ìdọ̀tí náà padà, ọkọ̀ Karin B tó gbé lára rẹ̀ sì ń rìn káàkiri etíkun Yúróòpù, èbúté lẹ́yìn èbúté kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù yìí kò tíì tán nílẹ̀ wa. A ń ra dúrọ́ọ̀mù àlòkù fún omi òjò, a ń rà á fún epo pupa. Ní ìhà Ore sí Òkìtìpupa tí ọ̀pẹ ti pọ̀, ti epo pupa yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ti sọ ọ́ pé kẹ́míkà oníkílóríìnì kì í fẹ́ràn omi, epo ló ń wá. Bí ìyókù rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, epo pupa á fà á mọ́ra ju bí omi ṣe lè fà á lọ, ọṣẹ àti omi gbígbóná kì í sì í fọ̀ ọ́ tán. Dúrọ́ọ̀mù tí a bá rí nọ́ńbà UN 1593 lára rẹ̀, dichloromethane ló ti gbé rí. Ẹ má ṣe gbé e wọ ilé ìdáná. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fi ọ̀dà pa nọ́ńbà ara rẹ̀ rẹ́, ẹ bi olùtà léèrè ohun tó ń fi pa mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní oṣù kẹrin 2015 wà nítòsí jù fún wa láti gbàgbé. Ìhà gúúsù Oǹdó kan náà ni Ìrèlè àti Odigbo wà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n fọ́jú, wọ́n dákú, wọ́n sì kú, ọ̀pọ̀ wọn láàárín ọjọ́ kan. Ó kéré tán, ènìyàn 18 ló lọ. Àwọn kan ní òrìṣà Molokun ni wọ́n ṣẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé Ebola ti dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fura sí oògùn apako. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, methanol ni wọ́n bá, nínú ògógóró tí wọ́n mu. Methanol kò ní kílóríìnì rárá, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni òun àti dichloromethane ti máa ń pàdé: kẹ́míkà tó ń yọ́ nǹkan ni, ó dà bí omi, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá rọ ọ́ sínú ìgò tí kò ní orúkọ ti dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ọjọ́ tí àwọn dókítà fi ń wá orúkọ ohun tó ń pa àwọn ènìyàn náà, ikú kò dúró dè wọ́n.

Nítorí náà, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ́wọ́ bí ẹnì kan bá ṣubú nídìí kẹ́míkà. Ẹ gbé agolo tàbí ìgò náà lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ dé e pa. Ẹ sọ fún dókítà pé paint remover ni, kó lè yẹ carbon monoxide wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka kò lè mọ̀ ọ́n. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tó gbé carbon monoxide, yóò máa sọ pé ara le nígbà tí ara kò le. Ọ́síjìn ni ìtọ́jú rẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ nímú rẹ̀, fún ìdí tí mo ti sọ.

Kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn, afẹ́fẹ́ ìta ló nílò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sáré bẹ́ sínú kòtò tàbí táǹkì lọ gbé e. Ẹni tó bẹ́ lé e náà á ṣubú, ẹnì kẹta á tún bẹ́ lé wọn. Bí òkú méjì àti mẹ́ta ṣe máa ń jáde láti inú kànga kan náà nìyẹn. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ fi okùn tàbí igi fà á bí ó bá ṣeé ṣe. Aṣọ tí kẹ́míkà bá rin, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ara. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbé e mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi epo pupa sílẹ̀. Mo mọ̀ pé epo pupa ni ìyá wa kọ́kọ́ ń nawọ́ sí tí ọmọ bá gbé májèlé mì. Kò wúlò níbí: epo kò lè pa agbára kẹ́míkà tó fẹ́ràn epo, bí ẹni náà bá sì bì, èébì náà lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé imú. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1997 sọ pé oru náà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 25 lọ nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń mí fún wákàtí mẹ́jọ. Kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ti kọjá ìwọ̀n yẹn lọ́nà tó pọ̀. Ìbomú aṣọ, irú èyí tí a lò nígbà Kòrónà, kò dá a dúró rárá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísítì, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti là á kọjá. Ohun tó ń dáàbò bo àwọn oníṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ sí wọn nímú láti ibòmíràn, èyí tí n kò retí pé sípíréyà Ore á lówó rẹ̀. Ohun tó ní ni ìta gbangba. Kó gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ síta, kó dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, kó má lóṣòó. Bó bá sì lè padà sí sáńpépà àti omi, kó padà. Apá tó ń ro ni á sàn lọ́la.

Ìyókù inú agolo ńkọ́? Gọ́tà kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Ó wúwo ju omi lọ, lítà kan rẹ̀ tó kílógíráàmù 1.33, bí a bá dà á sí kòtò, yóò gba abẹ́ omi lọ sísàlẹ̀, kò sì ní hàn lójú kànga. Ní Camp Lejeune, bárékè ńlá kan ní North Carolina, àwọn sójà àti ìdílé wọn mu omi tí trichloroethylene àti perchloroethylene wà nínú rẹ̀ láti 1953 títí di 1987. Ilé ìfọṣọ kan nítòsí bárékè wà lára ibi tó ti ń jò wọlé. Ọdún 2022 ni ìjọba tó ṣe òfin tó fún wọn láyè láti gba owó gbà-má-bínú, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti kú.

Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ fi ọmọ kọ́ṣẹ́ sípíréyà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń bó ọ̀dà, inú ilé ni àbí ìta. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ka ara agolo kí ẹ tó sanwó. Yálà wọ́n kọ dichloromethane tàbí methylene chloride síbẹ̀, nọ́ńbà tó ń jẹ́ tirẹ̀ kì í yí padà: 75-09-2. Agolo tí kò bá ní orúkọ àti nọ́ńbà, ẹ má rà á. Èyí tó bá ní 75-09-2, ẹ má ṣí i nínú ilé.